Casio CZ-101 tòkunbọ̀ nínú sítúdíò òde òní: iná rẹ̀, wáyà rẹ̀ àti ohùn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Casio CZ-101 tòkunbọ̀ kan ní Alábà, synthesizer ni, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù tó ń fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ohùn. Wọ́n kọ "INPUT 100V" sára adápítọ̀ tó bá a wá, nítorí náà n kò tíì kì í bọ iná. Bátìrì ni mo fi ń lò ó. FL Studio, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ṣe orin, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù Windows mi, sáúndì káàdì oníhò méjì ni mo ní, wáyà USB-MIDI olówó pọ́ọ́kú ni mo sì fi so wọ́n pọ̀ (MIDI ni ètò tí irinṣẹ́ orin fi ń fi nóòtù ránṣẹ́). Bí mo bá tẹ kọ́ọ̀dù, nóòtù kan tàbí méjì máa ń já bọ́ nínú rẹ̀, ìró rẹ̀ á sì dà bíi pé èèyàn méjì ló jọ ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo bá gbà sílẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́yìn ìlù, ariwo kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀, àwọn fáìlì ohùn tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì wọlé. Ṣé ó ṣeé lò, àbí kí n tà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tà á. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ló nídìí, kò sì sí èyí tó fi hàn pé irinṣẹ́ náà ti bàjẹ́.

Ìparí ọdún 1984 ni Casio gbé CZ-101 jáde. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò pé dọ́là 500, nígbà tí synthesizer tó ní MIDI ṣì jẹ́ ohun olówó gọbọi. Ibi tí wọ́n ti ṣọ́ owó ná hàn gbangba: kíì 49 rẹ̀ kéré bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé, wọn kò mọ̀ bóyá ẹ rọra tẹ̀ wọ́n tàbí ẹ gbá wọn, ihò ohùn kan ṣoṣo ló ní, nóòtù mẹ́jọ ló sì lè dún lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò di mẹ́rin péré bí ohùn tí ẹ yàn bá ń lo LINE méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà méjì tó fi ń ṣe ohùn. Wọn kò ṣọ́ owó ná nínú ohùn rẹ̀. LINE kọ̀ọ̀kan ní envelope mẹ́ta, ìyẹn ètò tó ń darí bí ohùn ṣe ń yí padà bí nóòtù ṣe ń dún: ọ̀kan fún gíga nóòtù (DCO), ọ̀kan fún bí ohùn ṣe ń mú sí i tàbí ń ṣókùnkùn (DCW), ọ̀kan fún bí ó ṣe ń ròkè tó (DCA). Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lára àwọn irinṣẹ́ tó wọ́n jù ú lọ láyé ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi lè máa yí padà láàárín nóòtù kan ṣoṣo lọ́nà tí ọ̀pọ̀ plugin kì í gbìyànjú.

Iná ló ṣáájú, torí pé òun nìkan ló lè pa á pátápátá. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kò ki adápítọ̀ yẹn bọ ògiri. Iná ilé ní Japan 100V ni, tiwa jẹ́ 230V. Bí adápítọ̀ onírin àtijọ́ tí wọ́n wé fún 100V bá gba 230V, ohun tí yóò tú jáde á ju ìlọ́po méjì 9V lọ, òun fúnra rẹ̀ á sì gbóná títí yóò fi jó. Ẹ gbé e tì. Ohun tí CZ-101 ń fẹ́ ni 9V DC, 850 mA ó kéré tán, ẹnu rẹ̀ 5.5 mm lóde àti 2.1 mm nínú, kí àmì − wà ní àárín, kí + wà lóde. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni àárín yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ adápítọ̀ ọjà ló ní + ní àárín. Adápítọ̀ tí àwọn onígìtá ń lò fún pẹ́dáàlì wọn bá a mu wẹ́kú: 9V, 2.1 mm, − láàárín. Ẹ sáà wo iye mA tó wà lára rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju 100 sí 500 lọ. Ẹ ra èyí tó bá jẹ́ 1000 mA, tí wọ́n kọ "regulated" sí lára.

Kí ẹ tó kì í bọ CZ, ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí mítà sí DC 20V, ẹ ti orí pupa bọ inú ihò, ẹ fi dúdú kan ara ìta. Bí mítà bá kọ −9 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ó dára. Bí ó bá kọ 9 láìsí àmì − níwájú, ẹ má fi kàn án.

Bátìrì tí ẹ ń lò ni ẹ má yọ kúrò. Mẹ́fà ni, ti ńlá tí wọ́n ń fi sí tọ́ọ̀ṣì gígùn àti rédíò. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àwọn ló tún ń di ohùn 16 tí ẹ bá kó sínú INTERNAL (ibi ìpamọ́ inú rẹ̀) mú nígbà tí irinṣẹ́ bá wà ní pípa. Bí ẹ bá yọ adápítọ̀, tí bátìrì kò sí níbẹ̀ tàbí tí ó ti kú, gbogbo iṣẹ́ yín á lọ. Nítorí náà, nígbà tí adápítọ̀ bá wà lójú iná ni kí ẹ máa pààrọ̀ bátìrì. Alkaline ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa ṣí ìdérí wọn wò lóṣooṣù, torí bátìrì tó bá ṣomi a máa jẹ irin ibẹ̀ run. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé lára irin, ẹ ti òwú bọ ọtí kíkan díẹ̀, ẹ fi nù ún, kí ẹ wá fi isopropyl alcohol nù ún gbẹ.

Ó ku nóòtù tó ń já bọ́. Bí ẹ bá tẹ CZ, ó ń dún fúnra rẹ̀, ó sì ń gba MIDI OUT fi nóòtù kan náà ránṣẹ́ sí FL. FL náà á gba MIDI IN dá a padà fún un, nóòtù kan á di méjì. Kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta di mẹ́fà lọ́wọ́ irinṣẹ́ tí mẹ́rin péré jẹ́ agbára rẹ̀ nígbà tó bá ń lo LINE méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ ju díẹ̀ sílẹ̀. Ìró tó dà bíi ti èèyàn méjì yẹn, ẹ̀dà nóòtù tó pẹ́ dé ni.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ tẹ F10 nínú FL, kí ẹ wo apá Input, kí ẹ sì pa Enable fún wáyà tí CZ ń gbà wọlé. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn ni kí ẹ máa fi tẹ nóòtù, tàbí kí ẹ yà á sínú piano roll, ojú tí FL ti ń to nóòtù. Bí CZ nìkan bá ni kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ní, ẹ fa orí wáyà tó wọ MIDI IN rẹ̀ yọ nígbà tí ẹ bá ń gba nóòtù sílẹ̀, kí ẹ dá a padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí FL tẹ̀ ẹ́. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í jáni kulẹ̀.

Ní apá Output lójú F10 kan náà, ẹ yan wáyà USB-MIDI, ẹ fún un ní nọ́ńbà port, ká ní 5. Ẹ pa "Send master sync", CZ kò nílò rẹ̀. Ẹ wá fi MIDI Out kún àwọn ohun èlò inú iṣẹ́ yín, ẹ fún òun náà ní port 5 àti ṣánẹ́ẹ̀lì 1, ẹ tẹ bọ́tìnnì MIDI lára CZ, kí ẹ sì rí i pé ṣánẹ́ẹ̀lì 1 lòun náà wà. Bí kò bá dún, ẹ pààrọ̀ orí wáyà méjèèjì fún ara wọn kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lára ọ̀pọ̀ wáyà wọ̀nyí, orí tí wọ́n kọ IN sí, MIDI OUT ti irinṣẹ́ ló ń wọ̀, torí ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi wò ó.

Ohùn: wáyà jack 6.35 mm lásán, ti gìtá, láti LINE OUT ẹ̀yìn CZ sí ihò line sáúndì káàdì yín. Bí bọ́tìnnì INST bá wà níbẹ̀, ẹ pa á. Ti gìtá ni. Ẹ gbé volume CZ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè pátápátá, kí ẹ wá fi gain sáúndì káàdì dín in kù títí ibi tó ga jù fi ń kan nǹkan bíi −12 dB. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á fi CZ sí ìdajì, wọ́n á wá fi gain fà á sókè, ariwo inú rẹ̀ á sì bá a gòkè.

Ariwo tó ń kùn yẹn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kúrò lójú iná fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó ń kùn lọ́wọ́. Bí ó bá dákẹ́, ṣájà ló ń ti ọ̀nà waya ohùn wọlé, kì í ṣe CZ. Ẹ lè máa fi bátìrì láptọ́ọ̀pù gbohùn sílẹ̀, tàbí kí ẹ ra DI box (àpótí kékeré tí wáyà ohùn ń gbà kọjá) tó ní transformer nínú, kí ẹ fi í sí àárín CZ àti sáúndì káàdì. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yọ adápítọ̀ CZ, ẹ fi bátìrì rẹ̀ dán an wò. Ó sàn kí ẹ gba ohùn tó bá ṣe pàtàkì lórí bátìrì. Ariwo fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí atẹ́gùn tí ẹ ṣì máa gbọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ti CZ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ gé e kúrò láàárín àwọn gbólóhùn orin, ẹ má sọ pé ẹ máa fi noise reduction fọ̀ ọ́, torí òun náà ni yóò fọ dídán ohùn lọ.

Pípẹ́ lẹ́yìn ìlù ní ìdí mẹ́ta tó kó jọ: MIDI ń rìn, CZ ń ronú, sáúndì káàdì sì ń kó ohùn jọ kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ lo driver ASIO (sọ́fítíwíà tó ń mú kí ohùn tètè kọjá) ti sáúndì káàdì fúnra rẹ̀, ẹ fi buffer, ìyẹn iye sample tó ń kó jọ, sí 128. Ní 48 kHz, 128 jẹ́ nǹkan bíi 2.7 ms. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe ohùn kan tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ kọ nóòtù kan sí orí ìlù kọ̀ọ̀kan fún bar mẹ́rin, ẹ gbà á sílẹ̀ bí ohùn, kí ẹ sún un mọ́jú dáadáa. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ìlà ìlù àti ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 480 sample ní 48 kHz, 10 ms nìyẹn. Ẹ di Alt mú, kí ẹ sún clip náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sí pépà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara CZ. Bí buffer kò bá ti yí padà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀.

Fún ìdí yìí náà, ẹ má jẹ́ kí CZ máa dún láàyè nínú iṣẹ́ títí dé ìparí. Bí ẹ bá ti fẹ́ràn ohun tó tẹ̀, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ sún un sí ipò, ẹ fi nóòtù MIDI rẹ̀ pamọ́ lábẹ́. Torí pé kò mọ líle àti rírọ̀ ìtẹ̀, kódà bí kíbọ́ọ̀dù tó mọ̀ ọ́n bá ló ń tẹ̀ ẹ́, orí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ yẹn ni ẹ ti máa fi volume automation ṣe gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ rẹ̀.

Àwọn fáìlì tí kò wọlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rètí nù. SysEx ni wọ́n, ìyẹn iṣẹ́ MIDI tó jẹ́ ti irinṣẹ́ kan pàtó, MIDI-OX, sọ́fítíwíà Windows kan, sì ni kí ẹ fi fi wọ́n ránṣẹ́. Ẹ pa FL ná, torí Windows kì í sábà jẹ́ kí sọ́fítíwíà méjì di wáyà MIDI kan mú pọ̀. Lára CZ, ẹ tẹ MIDI títí ẹ ó fi rí PROG CHANGE, kí ẹ fi í sí ENA (títàn). Bí inú INTERNAL ni ohùn náà ń lọ, ẹ sún PROTECT ẹ̀yìn rẹ̀ sí OFF.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Ohùn CZ kan tó ṣe tán láti wọlé jẹ́ byte 264: F0 44 00 00 70 20 60, lẹ́yìn náà byte 256 tó jẹ́ ohùn gan-an, kí F7 wá parí rẹ̀. 70 yẹn dúró fún ṣánẹ́ẹ̀lì 1. Bí CZ yín bá wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 2, 71 ni kó jẹ́. 60 túmọ̀ sí pé kó wọ ibi tí ẹ ti ń ṣàtúnṣe, láì tíì pa ohunkóhun rẹ́; 20 títí dé 2F ni ààyè INTERNAL 16. Bí fáìlì bá jẹ́ byte 263, ìdáhùn tí CZ mìíràn fi ránṣẹ́ jáde ni, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú F0 44 00 00 70 30. CZ yín kò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i nínú hex editor, sọ́fítíwíà tó ń fi byte inú fáìlì hàn, ẹ yọ 30, ẹ fi 20 60 rọ́pò rẹ̀, yóò di 264, yóò sì wọlé. Láti gba ohùn tó wà lọ́wọ́ jáde kúrò nínú CZ, ẹ fi F0 44 00 00 70 10 60 70 31 F7 ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí kò sì wọlé, wáyà USB-MIDI yẹn ni kí ẹ fura sí. Nóòtù byte mẹ́ta kì í ṣòro fún wọn, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó pọ́ọ́kú, byte 264 tó tẹ̀ léra máa ń gé sí wẹ́wẹ́ tàbí kí díẹ̀ sọnù lọ́nà. Ẹ dín buffer kù kí ẹ sì fi ìdúró díẹ̀ sáàárín rẹ̀ nínú MIDI-OX. Bí ó bá ṣì kọ̀, ihò MIDI ara sáúndì káàdì gidi ló máa yanjú rẹ̀.

Ohùn kan rèé tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe kí ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Básì ni. LINE SELECT 1+1' (LINE kìíní àti ẹ̀dà rẹ̀), DETUNE òkè, octave 0, note 0, fine 8. Fún DCO1, WAVEFORM 1, envelope rẹ̀ ẹ jẹ́ kó wà ní 0 pátápátá kí nóòtù má bàa yẹ̀. Fún DCW1: ìgbésẹ̀ kìíní RATE 99 LEVEL 90, ìkejì RATE 55 LEVEL 30, ẹ tẹ SUSTAIN síbẹ̀, ìkẹta RATE 60 LEVEL 0, ẹ tẹ END. Fún DCA1: RATE 99 LEVEL 99, RATE 50 LEVEL 80 pẹ̀lú SUSTAIN, RATE 65 LEVEL 0 pẹ̀lú END. Ẹ tẹ nóòtù kan nísàlẹ̀. "Gbà" tí ẹ gbọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ohùn tó ṣókùnkùn, DCW ló ń ṣe é. Ẹ yí RATE 55 yẹn sí 75, ó di básì kúkúrú tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan láì gba ààyè rẹ̀. Ẹ yí i sí 35, ó ń fà bí èèyàn tó ń sọ "wáà". Ẹ pààrọ̀ WAVEFORM 1 sí 6, kí ẹ tún tẹ nóòtù yẹn: ìró bíi filter tó ń ké, bẹ́ẹ̀ kò sí filter kankan nínú irinṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo wákàtí kan sí DCW nìkan kí ẹ tó wá fáìlì ẹlòmíràn kiri. Bí ohùn agogo lẹ ń wá, ẹ yan 1+2', ẹ tan RING, kí ẹ fi DETUNE gbé LINE kejì lọ sókè octave kan àti nóòtù bíi méje.

Ó tún ní ohun kan tó ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà yẹn: nínú Mode 4 ti MIDI, ìyẹn Mono, tí controller 126 ń pè jáde, ó lè tẹ ohùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó tẹ̀ léra, nóòtù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Básì lórí 1, agogo lórí 2, orin lórí 3 àti 4. Ihò kan ni gbogbo wọn ń gbà jáde, nítorí náà ẹ lò ó fún kíkọ orin, kí ẹ wá gba wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Program change, iṣẹ́ MIDI tó ń pààrọ̀ ohùn, fún PRESET (ohùn tó bá a wá) ni 0 sí 15, INTERNAL 32 sí 47, CARTRIDGE (káàdì ohùn tí a ń kì bọ̀ ọ́) 64 sí 79. Ẹ rántí pé àwọn sọ́fítíwíà kan láti 1 ni wọ́n ti ń kà, ẹ fi ẹyọ kan kún un.

Nípa ara rẹ̀, kíì tí kò dún mọ́ tàbí tó ń dún tó ń dákẹ́, ekuru ló sábà ń fà á, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ rọ́bà dúdú tó wà lábẹ́ kíì, kí ẹ fi òwú tí ẹ ti bọ isopropyl alcohol 90% nu ojú dúdú kékeré abẹ́ rẹ̀ àti ojú bọ́ọ̀dù tó ń kàn. Ẹ má fi WD-40 kàn án. Ṣùgbọ́n bí àwọn kíì tó kú bá ní àlàfo kan náà láàárín wọn, tí wọ́n tò bí ẹni tó kà wọ́n, kì í ṣe ekuru. Ìlà kan nínú wáyà pẹlẹbẹ tàbí diode ló já, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ sólídà. Bí nóòtù rẹ̀ bá ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìnídìí, ẹ tẹ BEND RANGE, kí ẹ fi í sí 0. Bí yíyẹ̀ yẹn bá dúró, ìdí kẹ̀kẹ́ bend ló dọ̀tí, contact cleaner díẹ̀ ló sì ń fẹ́.